Ẹ̀yin Béèrè, A Dáhùn: Ìmúrasílẹ̀ fún Kíláàsì Ìtàn Òtítọ́ ní Yunifásítì

Lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ya gbogbo àyè yìí sọ́tọ̀ fún un lóṣù yìí. Ọ̀rọ̀ náà ni kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bí wọ́n ṣe lè fi ọgbọ́n tí àwọn òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ń lò kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́: ìran tí òǹkàwé lè fojú inú rí, ènìyàn tí a gbọ́ ohùn rẹ̀, àkókò tí a fà gùn tàbí tí a gé kúrú, àti ohùn òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ tí a lè dá mọ̀ láàárín ọ̀pọ̀. Ìtàn ara ẹni, àròkọ, ìtàn ìrìnàjò, ìtàn nípa ẹlòmíràn àti ìròyìn tí a ṣe ìwádìí rẹ̀ jinlẹ̀, gbogbo wọn ló wà lábẹ́ rẹ̀. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú wa. Sáà ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ ni kíláàsì mi yóò bẹ̀rẹ̀, oṣù méjì ló sì kù. Ewì àti ìtàn àròsọ ni mo ti máa ń kọ. N kò kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an rí. Ṣé kí n máa ka ìwé gírámà ni, àbí kí n ti kọ àròkọ kan tàbí méjì sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé? — Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì

Ẹ fi gírámà sílẹ̀ ná, nítorí pé èdè tí ẹ fi kọ lẹ́tà yín sí wa tó èyí tí ẹ máa gbé wọ kíláàsì. Ẹ má sì kọ odindi àròkọ dè wọ́n. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ tó ti parí wọ irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fi gbogbo sáà náà gbèjà rẹ̀, kò ní ráyè kọ òmíràn. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi oṣù méjì náà ṣe ni kí ẹ kó nǹkan jọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ, ó lè jókòó kí ó ro òmíràn jáde. Ẹni tó ń kọ òtítọ́ kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Bí kò bá wo ohun náà dáadáa nígbà tó ń ṣẹlẹ̀, tí kò sì rí ẹni tó wò ó bá a sọ̀rọ̀, ìran náà ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ wá jótà kékeré kan tó lè wọ àpò, kí ẹ sì máa kọ ohun tí ẹ rí àti ohun tí ẹ gbọ́ sínú rẹ̀ ṣáájú bó ṣe rí lára yín. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ jókòó sí ibi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà, tí ẹ wá kọ ọ́ pé: “Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ rárá.” Tí ẹ bá ṣí jótà náà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, gbólóhùn yẹn kò ní wúlò fún yín, torí pé ìdájọ́ ni, ẹ̀rí kò sì sí níbẹ̀. Ẹ wá wo èyí: “Ó ká káàdì rẹ̀ sí mẹ́rin, ó tú u, ó tún ká a. Nígbà tí nọ́ọ̀sì pe orúkọ ẹlòmíràn, ó ti dìde tán kí ó tó mọ̀ pé òun kọ́. Kò padà jókòó. Ó rìn lọ sí ìdí ògiri, ó ń ka ìwé ìkéde tó wà níbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.” Kò sí ibi tí a ti sọ pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, síbẹ̀ òǹkàwé ti mọ̀, ó sì mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá wá fẹ́ kọ àròkọ nípa ìdúró lọ́jọ́ iwájú, ẹ ti ní ọkùnrin kan, káàdì kan, ògiri kan àti aago.

Àwọn olùkọ́ kan máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ojú ewé mẹ́ta lójoojúmọ́. A kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n lójú tiwa, ojú ewé mẹ́ta tí ènìyàn fi ṣàlàyé bó ṣe rẹ òun tó kò tó ìlà mẹ́rin tí ó fi ṣàpèjúwe ọwọ́ ẹni tó ń ka owó. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń sọ ṣe pàtàkì jù níbẹ̀: ẹ kọ gbólóhùn náà gẹ́gẹ́ bó ṣe jáde lẹ́nu onítọ̀hún, pẹ̀lú àṣìsọ rẹ̀ àti ibi tó ti dákẹ́, kí alẹ́ ọjọ́ náà tó lẹ́, torí pé tó bá di ọjọ́ kejì, èdè tiyín ni ẹ máa fi rọ́pò tirẹ̀ láìmọ̀.

Ní ti ìwé kíkà, ẹ wá àròkọ márùn-ún tàbí mẹ́fà tí irú wọn yàtọ̀ síra, kí ẹ ka ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kọ́kọ́ kà á bí ẹni tó ń gbádùn rẹ̀ lásán. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ mú pẹ́ńsù dání, kí ẹ fa ìlà sí ibi tí ìran ti parí tí àròjinlẹ̀ òǹkọ̀wé ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi àmì sí gbogbo ibi tí ó ti jẹ́ kí a mọ bí òun ṣe mọ ohun tí ó ń sọ: ṣé ó wà níbẹ̀ ni, ṣé wọ́n sọ fún un ni, ṣé inú ìwé ni ó ti rí i? Ewì tí ẹ ti ń kọ tẹ́lẹ̀ kì í ṣe òfò o. Etí tí ó fún yín fún ìró gbólóhùn ni ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó wá láti ẹ̀ka ìròyìn máa ń wá kiri. Kí ẹ sì tó wọlé, ẹ ka ètò ẹ̀kọ́ kíláàsì náà tán pátápátá, kí ẹ mọ iye iṣẹ́ tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín àti ọjọ́ tí ó máa kan yín láti gbé iṣẹ́ síwájú àwọn yòókù.

Olóòtú, kò sí ohun ńlá kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Àwọn òbí mi wà láàyè, n kò ṣàìsàn ńlá rí, n kò bọ́ lọ́wọ́ ogun. Mo ń bẹ̀rù pé n kò ní rí ohun kan kọ. — Aláìnítàn

A kò gbà pé orúkọ tí ẹ fún ara yín yẹn bá yín mu. Augustine, tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní àríwá Áfíríkà, kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 397 sí 400. Nínú ìwé kejì lára rẹ̀, ó sọ bí òun àti àwọn ọ̀dọ́ kan ṣe lọ gbọn èso igi kan tó wà nítòsí oko wọn lóru nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Wọ́n tọ́ ọ wò díẹ̀, wọ́n sì da ìyókù fún ẹlẹ́dẹ̀. Kò sí nǹkan mìíràn tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: wọn kò mú wọn, ẹnikẹ́ni kò kú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó bi ara rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán: kí ló dé tí òun fi jí ohun tí òun ní èyí tó dára jù ú lọ nílé, ṣé òun ì bá jí i bí ó bá jẹ́ pé òun nìkan ni? Ó lo ọ̀pọ̀ ojú ewé lórí rẹ̀, a sì ń kà á títí di òní. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kéré. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀ ni kò kéré.

Nítorí náà, ẹ má wá ìṣẹ̀lẹ̀ tó tóbi. Ẹ wá èyí tí kò tíì yé yín, tó jẹ́ pé bí ẹ bá rántí rẹ̀, ẹ̀yin náà á tún máa bi ara yín pé kí ló fà á.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ta ló ní ẹ̀yin ni kí ẹ kọ nípa rẹ̀? John McPhee, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Princeton ní irú iṣẹ́ yìí ní 1975, gbé odindi ìwé kan jáde lórí ọsàn ní 1967. (Èso ló tún jẹ́, a kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.) Ẹni tí ìgbésí ayé rẹ̀ tòrò ní ohun kan tí àwọn yòókù kò ní, ìyẹn ni àyè láti fetí sí ẹlòmíràn. Ẹ wá ẹnì kan tó ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ kò mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí ẹ jókòó tì í fún ìdajì ọjọ́, kí ẹ má sì béèrè ohunkóhun ní wákàtí àkọ́kọ́. Ẹ ó rí i pé ọwọ́ rẹ̀ mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò ní rántí sọ fún yín láé.

Mo fẹ́ kọ nípa ọjọ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Mo rántí pé òun àti màmá mi wọ yàrá lọ, wọ́n sì sọ̀rọ̀ pẹ́, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ṣé mo lè fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu? Ẹ̀gbọ́n mi tó ti ṣe kíláàsì yìí rí ní gbogbo òǹkọ̀wé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. — Ọmọ bàbá

Lórí ìbéèrè yìí, a máa pẹ́ díẹ̀, torí pé òun ni wọ́n máa bi yín jù nínú kíláàsì náà. Ẹ̀gbọ́n yín kò purọ́ tó bá jẹ́ pé ohun tó ní lọ́kàn ni pé ọ̀pọ̀ ti ṣe é. Ní 2003, James Frey gbé ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí bó ṣe bọ́ lọ́wọ́ ọtí àti oògùn olóró, ó sì pè é ní ìtàn ìgbésí ayé òun. Oprah Winfrey, gbajúmọ̀ atọ́kùn ètò tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀, yan ìwé náà fún ẹgbẹ́ òǹkàwé rẹ̀ ní 2005, ó sì tà wàràwàrà. Ní oṣù kìíní ọdún 2006, ìkànnì The Smoking Gun wá àkọsílẹ̀ àwọn ọlọ́pàá, wọ́n sì rí i pé oṣù mẹ́ta tí Frey ní òun lò lẹ́wọ̀n kò ju wákàtí mélòó kan lọ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Truman Capote, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà mìíràn tó tẹnu mọ́ ọn pé òtítọ́ pọ́nńbélé ni ìwé rẹ̀ ti 1966 lórí ìpànìyàn kan ní Kansas náà kò bọ́: ìran tó fi parí ìwé náà, níbi tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti ọ̀rẹ́ ọmọbìnrin tí wọ́n pa ti pàdé ní itẹ́ òkú, kò ṣẹlẹ̀ rárá, gẹ́gẹ́ bí Gerald Clarke tó kọ ìtàn ìgbésí ayé Capote ṣe fi hàn ní 1988.

Àpẹẹrẹ tó wà lédè tiwa ló kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ jù níbẹ̀. Láti 1929 sí 1930, ìwé ìròyìn Akéde Èkó ń gbé lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá jáde, ẹni tó wà lórí àìsàn tó ń ronú pìwà dà lórí ìgbésí ayé rẹ̀ àtijọ́. Òǹkàwé gbà á gbọ́, wọ́n ń kọ̀wé sí i, wọ́n ń bá a kẹ́dùn. Isaac Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ló jókòó tó ń kọ ọ́ látòkèdélẹ̀, lónìí a sì ń kà á mọ́ àwọn ìtàn àròsọ ìṣáájú lédè Yorùbá. Kí ló mú kí wọ́n gbà á gbọ́? Orúkọ àdúgbò, orin tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ohùn obìnrin tí ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lójúkojú. Àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n máa kọ́ yín nínú kíláàsì náà gan-an nìyẹn, irọ́ sì lè lò wọ́n bí òtítọ́ ṣe ń lò wọ́n. Òǹkàwé kò ní ọ̀nà kankan láti fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀. Ìwé àdéhùn tó wà láàárín ẹ̀yin àti òun kò ju ọ̀rọ̀ yín lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá yẹn wàyí. Bí àwọn òbí yín bá wà láàyè, ẹ bi wọ́n léèrè, ẹ bi olúkúlùkù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹnì kìíní sọ sílẹ̀ kí ẹ tó lọ bá ẹnì kejì. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí ìtàn méjèèjì kò bá bára mu. Ó ṣeé ṣe kí àìbáramu yẹn ti dára ju ìran tí ẹ fẹ́ kọ lọ. Ẹ wá lẹ́tà tí wọ́n fi dá bàbá yín dúró, tàbí ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ náà bó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ náà ló kógbá wọlé. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá wá ṣeé rí, ẹ kọ ohun tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án gbọ́: “N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Mo gbọ́ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣí, tó tì, tó tún ṣí. Mo gbọ́ ìgbà tí màmá mi ní ‘Háà,’ tí kò sì sọ nǹkan mìíràn mọ́.” Bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni ẹ gbọ́ ọ, ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì wo ló tún kù tó lè jù ú lọ? Ẹ sì lè ro ohun tí wọ́n sọ, bí ẹ bá jẹ́ kí a mọ̀ pé èrò yín ni. “Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé…” àti “Mo máa ń rò ó pé…” kì í ṣe àmì àìlera nínú irú ìtàn yìí.

Lójú ọ̀pọ̀ olùkọ́, kò sí wàhálà nínú pé kí ẹ yí orúkọ ènìyàn padà láti dáàbò bò ó, tàbí kí ẹ tún ọ̀rọ̀ tó ṣojú yín sọ bí ìtumọ̀ rẹ̀ ṣe jẹ́ lọ́jọ́ náà. Kí ẹ sọ ènìyàn méjì di ẹyọ kan, tàbí kí ẹ gbé ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún kan lọ sí ọdún mìíràn láìsọ fún òǹkàwé, èyí ni wọ́n máa bá yín jiyàn lé lórí. Ẹ béèrè ìlànà olùkọ́ yín ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ó má baà jẹ́ orí iṣẹ́ yín ni wọn yóò ti ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo kíláàsì.

Ìtàn kan ṣoṣo tó wà lọ́kàn mi kan màmá mi, ó sì jẹ́ ohun tí a kì í sọ síta nílé wa. Ó ṣì ń dùn mí. Ṣé kí n kọ ọ́? — Ẹ fi orúkọ bò mí

Ẹ kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó lè máà jẹ́ inú kíláàsì ni ẹ máa gbé e lọ. Ìyàtọ̀ wà láàárín ohun tí a kọ àti ohun tí a fún ènìyàn mẹ́rìnlá kà, tí wọ́n sì jókòó yí wa ká tí wọ́n ń sọ bí ìpínrọ̀ kejì rẹ̀ ṣe gùn jù. Ìbéèrè tí ẹ lè fi yẹ ara yín wò nìyẹn: bí ẹnì kan bá sọ pé ìparí rẹ̀ kò dára, ṣé iṣẹ́ yín ni ẹ máa gbọ́ pé ó ń sọ, àbí màmá yín? Bó bá jẹ́ màmá yín, ẹ jẹ́ kó wà nílé di ìgbà mìíràn, kí ẹ fi òmíràn ṣe iṣẹ́ kíláàsì.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Bí ẹkún bá ṣì pọ̀ débi pé ẹ kò lè rí ohun tí màmá yín ń fọwọ́ ṣe lọ́jọ́ náà, tàbí ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ṣe tí kò dára, ìtàn náà kò tíì tó kọ fún ẹlòmíràn. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í mọ̀: ní àwọn yunifásítì kan, pàápàá ní Amẹ́ríkà, òfin lè ní kí olùkọ́ fi ọ̀rọ̀ tó àwọn aláṣẹ létí bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ pé wọ́n fipá bá òun lò pọ̀ tàbí pé òun fẹ́ pa ara òun. Ẹ béèrè kí ẹ tó fà á lé wọn lọ́wọ́, torí pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kà á, kò sí lọ́wọ́ yín mọ́.

Ṣé mo lè ní kí ChatGPT, ẹ̀rọ tó ń fúnra rẹ̀ kọ̀wé, bá mi kọ àkọ́kọ́, kí n wá tún un ṣe? — Ọwọ́ mi kún

Ẹ ka òfin kíláàsì yín lórí rẹ̀; ó yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan sí òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹ̀rọ náà kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá ní kó kọ nípa ìyá àgbà yín, yóò fún un ní aṣọ, ohùn àti ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó dùn ún gbọ́, kò sì ní sí èyí tó jẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Nínú kíláàsì ìtàn òtítọ́, ẹ̀ṣẹ̀ tí a sọ lókè pé Frey dá náà nìyẹn.

Wọ́n ní nígbà tí gbogbo kíláàsì bá jókòó tí wọ́n ń yẹ iṣẹ́ ènìyàn wò, onítọ̀hún kò gbọdọ̀ lanu sọ̀rọ̀. Èmi kì í lè dákẹ́ tí wọ́n bá ṣì mí gbọ́. Báwo ni kí n ṣe múra? — Onísùúrù díẹ̀

Òfin pé kí òǹkọ̀wé dákẹ́ ti pẹ́ nínú irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, ètò ìkọ̀wé Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1936 sì ni àwọn ènìyàn máa ń dárúkọ jù bí wọ́n bá ń sọ nípa rẹ̀. Àwọn olùkọ́ kan ti pa á tì báyìí, wọ́n ń jẹ́ kí òǹkọ̀wé kọ́kọ́ sọ ohun tí ó fẹ́ kí wọ́n bá òun wò. Àwa fara mọ́ tuntun yìí, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ náà ní èrè tirẹ̀: ibi tí wọ́n ti ṣì yín gbọ́ ni ìwé náà ti kùnà láti sọ ohun tí ẹ rò pé ẹ ti sọ, ẹ kò sì ní lè tẹ̀ lé òǹkàwé kọ̀ọ̀kan lọ sílé láti ṣàlàyé fún un. Nítorí náà, ẹ mú bírò dání. Bí ọ̀rọ̀ bá ń gbóná lẹ́nu yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, gbólóhùn tí ẹ fẹ́ fi dá wọn lóhùn gan-an ni ó yẹ kó wà nínú iṣẹ́ náà.

Bó bá kan yín láti sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ẹlòmíràn, ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ kà kí ẹ tó sọ bó ṣe rí lójú yín. “Mo kà á pé ìbínú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà nídìí rẹ̀, mo sì pàdánù ọ̀nà nígbà tí a dé ọjà” yóò wúlò fún un ju “Ó dùn” tàbí “Kò yé mi” lọ. Ẹ sì máa pè é ní “ẹni tó ń sọ ìtàn yìí,” ẹ má pè é ní “ìwọ,” pàápàá bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ìrora.

Lẹ́yìn ìjókòó náà, ẹ fi iṣẹ́ náà pa mọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Montaigne, òǹkọ̀wé ará Faransé, gbé àwọn àròkọ rẹ̀ jáde ní 1580, ó sì ń fi ọwọ́ kọ àfikún sí etí ojú ewé tí wọ́n ti tẹ̀ títí tó fi kú ní 1592, nítorí náà kò sí ìdí fún ìkánjú. Nígbà tí ẹ bá padà dé orí rẹ̀, ẹ tẹ́ gbogbo ẹ̀dà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín fa ìlà sí kalẹ̀ sórí tábìlì. Ibi tí ènìyàn mẹ́ta ti fa ìlà sí ìpínrọ̀ kan náà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ tún ṣe, kódà bí ìdí tí olúkúlùkù wọn kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá yàtọ̀ síra.